Ìpolówó Elégédé Mùfúlíátù

Ọjọ́ tí Láníyì kọ́kọ́ yọ sí ìsọ̀ Mùfúlíátù nínú Ọjà Wúsè, díẹ̀ ló kù kí ọmọbìnrin náà fi ọ̀bẹ lé e. Láníyì kò bú u, kò sì ná ọjà ní ìnákúnàá. Ohun tó kàn sọ ni pé kó bá òun la elégédé mẹ́fà sí méjì-méjì kí òun lè rí inú wọn.

"Mẹ́fà?" Mùfúlíátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ ra mẹ́fà ni?"

"Bóyá méjì. Ó dọwọ́ àwọ̀ tí mo bá bá nínú wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, elégédé tí a bá ti là kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ. Mẹ́rin tó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Ṣé orí yín ni kí n gbé e kà?"

Shakirah, tó ń ta ata ní ìsọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kan tirẹ̀, kú fún ẹ̀rín. "Kai! Mùfú, là á fún wọn jàre. Bóyá wúrà ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀."

"Kò jìnnà sí wúrà," ni ọkùnrin náà wí. Ó ní Láníyì lorúkọ òun, ọmọ Ìwó ni òun, ilé ìwádìí oúnjẹ kan nígboro ni òun ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ ti rí irin tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú òjò, àbí? Ẹ rí bó ṣe máa ń dípẹtà. Inú ara èèyàn náà ń dípẹtà bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ohun tó ń mú inú elégédé pọ́n rúsúrúsú, ó wà lára ohun tí í bá ara jà kí ìpẹtà yẹn má tètè borí. Antiọ́sídáńtì ni àwọn òyìnbó ń pè é. Elégédé tí inú rẹ̀ bá pọ́n jù ni mò ń wá. Ẹ̀gúsí, bàrà, úgù, kúkúḿbà, àní igbá tí ẹ fi ń bomi yẹn, ọmọ ìyá elégédé ni gbogbo wọn."

"Igbá?"

"Ẹ lọ wo ewé wọn. Ẹ wo òdòdó wọn."

Mùfúlíátù la elégédé. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣe é. Ó la mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Nígbà tó dìde, ó ní kó di gbogbo rẹ̀ fún òun.

"Ẹ ṣáà ní méjì lẹ fẹ́."

"Méjì ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ padà wá, mi ò sì fẹ́ bá ìbínú níbí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Mùfúlíátù fún yín báyìí, kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú ni nígbà tí mo bá dé ibi tí mò ń lọ. Ọmọ Ìlọrin ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ ló jọ ń gbé ní Kárù, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń wọ ọkọ̀ wá sọ́jà láràárọ̀. Alhaji Sànúsí ń ta fìlà àti ẹní ìkírun ní ìsọ̀ tó dojú kọ ti ọmọ rẹ̀. Àgbà náà mọ kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé kà, ó sì ti ní ìtọ̀ ṣúgà láti bí ọdún mẹ́jọ. Mùfúlíátù fẹ́ràn bàbá rẹ̀ débi pé bí bàbá náà bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi oníbàárà sílẹ̀ lọ wò ó.

Ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kò sí ẹni tó ń polówó ọjà bíi tirẹ̀ ní ìlà yẹn. Ẹni tí kò ní í ra nǹkan kan á dúró gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà á rà á.

Láníyì padà wá. Ó wá ní ọjọ́ Àlàrùba tó tẹ̀ lé e, ó sì wá ní Àlàrùba tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí tí Shakirah fi ń pe ọjọ́ náà ní Àlàrùba Ọkọ Mùfú. Ó kọ́ Mùfúlíátù bí a ti ń yan hóró elégédé jẹ. Ó bá a gbé ẹrù. Ó ń béèrè oríkì rẹ̀ títí tí ọmọbìnrin náà fi sọ fún un pé Àṣàkẹ́ ni, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti pè é ní Mùfúlíátù mọ́.

Ní ọjọ́ Tàláátà kan, ó tẹ̀ lé e lọ sí Kábúsà, níbi tó ti máa ń ra elégédé lọ́wọ́ àwọn obìnrin Gbàgyí tó ń dá oko. Èjìká ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Láníyì ní òun náà á gbìyànjú rẹ̀. Ó gbé èyí tó tóbi jù lọ lé èjìká, ó rin ìṣísẹ̀ márùn-ún, elégédé já bọ́, ó fọ́ yángá. Àwọn obìnrin náà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láníyì dúró láàárín elégédé tó fọ́, òógùn ń jáde lójú rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Elégédé mi dà?"

"Màá san án. Mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Mùfúlíátù yíjú sẹ́yìn kó má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. "O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ.

Alhaji Sànúsí fẹ́ràn ọmọ náà. Ó ní ọmọ tó bá ń wo inú elégédé kó tó rà á kò ní ya ọ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alhaja Gàníyátù, tó wà ní Ìlọrin, ló ṣòro díẹ̀. Òun ló dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá fún Mùfúlíátù láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí náà láìjẹ́ pé ó gbọ́ sí i. "Ọmọ Ìwó?" ló wí lórí fóònù. "Ṣé ọmọ Ìlọrin ti tán ní Àbújá ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ sí ìgbà tí Láníyì bá ti Ìbàdàn dé, nítorí ibi iṣẹ́ fẹ́ rán an lọ síbẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kó tó lọ, ó kọ ìwé kan fún olólùfẹ́ rẹ̀, ojú ewé kan péré, ní Yorùbá. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé elégédé dára fún ojú, pé ó ń bá ara jà kí ìpẹtà inú má tètè borí, pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ ẹ́ níwọ̀nba. Ìlà ìkẹyìn ló fàlà sí lábẹ́: "Elégédé kì í ṣe oògùn. Kí ẹni tí dókítà fún lóògùn má ṣe fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀."

"Ka èyí sí mi létí," ló wí.

Mùfúlíátù kà á, Shakirah sì ń gbọ́.

"Tún un kà."

"Láníyì, mo ti gbọ́. Ṣé ọmọ iléèwé ni mí?"

"Ìyàwó mi ni ọ́ lọ́la. Tún un kà, ẹ̀mí mi."

Ó tún un kà. Láníyì lọ sí Ìbàdàn.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Mùfúlíátù ti sọ ìwé náà di ìpolówó:

"Ẹ ra elégédé o, elégédé aláwọ̀ wúrà!
Ó ń tún ojú ṣe, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀,
Ó ń lé ìpẹtà kúrò lára àgbà.
Onítọ̀ ṣúgà, ẹ jẹ ẹ́ kí ara yín dá ṣáṣá!
Àwọn oníwádìí ló wí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi!"

Ìlà ìkẹyìn ńkọ́? Ó rántí rẹ̀. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, ó ké e mọ́ ọn, obìnrin kan tó ti ń na ọwọ́ sí elégédé sì dá ọwọ́ dúró. "Tí kì í bá ṣe oògùn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mùfúlíátù yọ ọ́ kúrò. Ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Oníbàtà wo ló ń ké e pé bàtà òun ń ta ni lẹ́sẹ̀? Àwọn ará ọjà mọ̀ pé ìpolówó ni ìpolówó, ẹni tó bá rà á ni yóò fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjà tà. Àwọn Hausa tó ń sè é lọ́bẹ̀ rà á, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba rà á.

Bàbá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè elégédé. Lálaalẹ́ ló ń ní kó sè é fún òun, inú Mùfúlíátù sì ń dùn pé bàbá òun ń jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore. Kò bi í nípa oògùn. Inú ìsọ̀ ni bàbá náà ń tọ́jú oògùn sí, láti ọdún mẹ́jọ ló sì ti ń lò ó fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí Láníyì ti lọ, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, Alhaji Sànúsí dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ó sì ṣubú sáàárín fìlà rẹ̀.

Ọdún náà ni wọ́n lé ọ̀kadà kúrò nígboro Àbújá. Shakirah sáré títí dé etí ọjà kó tó rí takisí. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, bàbá náà kò mọ ẹni tó dì í mú mọ́.

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ wa lè kà," ni dókítà wí. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn?"

"Wọ́n ń lò ó, sà."

Dókítà bọ́ ìbọ̀sẹ̀ bàbá náà. Egbò kan wà ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí, ó ti dúdú. "Ẹ lọ bá mi wo oògùn náà wá."

Mùfúlíátù padà sí ọjà. Nínú páálí tí wọ́n fi ń kó fìlà ni ó ti rí i: oògùn oṣù kan gbáko, wọn kò já a rárá. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Láti ibẹ̀, ìsọ̀ elégédé tirẹ̀ wà ní ọ̀kánkán, èèyàn lè gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá mí níbẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé bàbá òun ti ń gbọ́ ìpolówó òun láràárọ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé láti sunkún.

Alhaja Gàníyátù wọlé láti Ìlọrin ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ lajú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì.

"Sànúsí," ni Alhaja wí, "ta ló ní kí o fi oògùn sílẹ̀?"

Ohùn bàbá náà kò jáde dáadáa. "Elégédé ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwádìí ọmọ Ìwó yẹn ni wọ́n ń polówó."

Alhaja kò nílò ju ìyẹn lọ. Ó fa Mùfúlíátù mọ́ra, ó nu ojú rẹ̀ nù. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Kí lo mọ̀? Ohun tó bá kọ fún ọ ni ìwọ ń kà. Òun tó pe ara rẹ̀ ní oníwádìí ni Ọlọ́hun yóò bi í."

Bí Alhaja bá gbá a létí ni, ì bá sàn. Mùfúlíátù fẹ́ jẹ́wọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀la.

Ọ̀la ni Láníyì dé. Láti páàkì ló ti wá tààrà, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Alhaja dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń wo aláìsàn.

"Má tẹ̀ síwájú! Ìka méjì ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀ àbúrò mi. Ṣé o fẹ́ wá gba ìyókù ni?"

Láníyì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn sílẹ̀. Ìlà ìkẹyìn ni. Mo fàlà sí i lábẹ́. Ẹ bi Àṣàkẹ́."

Alhaja yíjú sí Mùfúlíátù, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Mùfú, ṣé ó kọ ọ́?"

Ìwé náà wà nínú àpò ọwọ́ rẹ̀ lásìkò náà gan-an, ó ká a sí mẹ́rin. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò ó. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni ọmọ tó fi ọjà gé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Mi ò rántí, Ìyá."

Láníyì gbójú sókè láti ilẹ̀. Ó wò ó. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nínú Mùfúlíátù bí egungun ẹja. Kò lè jẹun. Kò lọ sọ́jà. Bàbá rẹ̀ kúrò ní ọsibítù, wọ́n gbé e wá sílé ní Kárù, ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lóògùn, ó ń wo bó ṣe ń gbé e mì. Bàbá náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ náà ló burú jù.

Shakirah wá kí wọn. Nígbà tí àwọn méjèèjì ku àwọn nìkan lẹ́yìnkùlé, ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Mùfú, mo wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú ọ kà á."

"Shakirah, bàbá mi ni."

"Mo mọ̀. Èmi ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o gbọ́ ohun tí Alhaja fẹ́ ṣe? Ó ti ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́ Láníyì. Ó ní kí wọ́n lé e. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí Láníyì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbọ́ ọ lójúkojú pé ẹbí kọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà ń lọ."

Mùfúlíátù pe Láníyì. Ìgbà mẹ́rin ló pè kó tó gbé e. Wọ́n pàdé létí títì Kẹ́fì, níbi tí ariwo ọkọ̀ kò ti ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Láníyì, dárí jì mí. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo rí i pé ẹ̀rù bà ọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn pé mo kà á? Shakirah lè jẹ́rìí sí i."

"Kí n wá jẹ́ ẹni tó fi ọmọ sùn fún bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn?" Ó mi orí. "Mi ò ní sọ ọ́. Bí wọ́n bá lé mi níbi iṣẹ́, màá wá iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Mo wà nílẹ̀, Mùfúlíátù, àyà mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì gbójú sókè wò ọ́. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí yóò máa wò mí bí mo ṣe ń rì."

Ó pè é ní Mùfúlíátù. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ó ti ń lọ. Ọkọ̀ kan dúró, Láníyì wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Lẹ́yìn ìrun, Láníyì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Adékúnlé ni ẹ̀gbọ́n náà ń jẹ́, awakọ̀ tírélà ni, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Alhaji Sànúsí jókòó sórí àga, wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e lé ìrọ̀rí. Lẹ́tà náà wà lórí itan Alhaja Gàníyátù nínú àpòòwé. Mùfúlíátù jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Láníyì wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo apá ibẹ̀.

"A ò pè yín fún ìjà," ni Alhaja bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yín kọ ohun tí kò yé e sínú ìwé, ó sì fi fún ọmọ wa pé kó máa tà á fún aráyé. Ọlọ́hun ló yọ àbúrò mi. A ò lè fi ọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kó má baà ṣe é fún ẹlòmíràn."

Adékúnlé wo àbúrò rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ṣé o ò ní sọ nǹkan kan?"

"Mi ò ní nǹkan í sọ," ni Láníyì dáhùn.

"Ìyá, ẹ má fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́."

Gbogbo wọn yíjú. Mùfúlíátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní àárín ilé, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé kì í ṣe oògùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú mi kà á kó tó lọ. Mo purọ́ ní ọsibítù. Mo rántí. Mi ò gbàgbé fún ọjọ́ kan."

Alhaja Gàníyátù la ẹnu, kò lè pa á dé. "Kí ló dé tí o ò fi kún ìpolówó rẹ̀?"

"Nítorí ọjà ni, Ìyá. Tí mo bá fi kún un, wọn kì í rà á."

Ẹnìkan ń gún nǹkan lódó ní ilé kejì, ìró rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Alhaji Sànúsí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó.

"Polówó rẹ̀," ló wí.

"Bàbá?"

"Bí o ṣe ń polówó rẹ̀ lọ́jà. Polówó rẹ̀ kí n gbọ́."

Ó polówó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún un mú. Bó ṣe dé "onítọ̀ ṣúgà, ẹ jẹ ẹ́ kí ara yín dá ṣáṣá," omijé ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè é tán.

"Wàyí o, ka ohun tó kù sí mi létí."

Ó tú ìwé náà, ó kà á. Bàbá rẹ̀ di ojú, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni Alhaji wí nígbà tó yá. "Oògùn yẹn ti sú mi. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé kí n jù ú nù. Èmi kì í ṣe ọmọdé ọjà, mo mọ̀ pé ìpolówó ni ìpolówó. Ká ní ẹlòmíràn ló ń ké e, ǹ bá rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ mi ni mo ń gbọ́ láràárọ̀. Mo ní ọmọ mi kò lè tà mí."

Mùfúlíátù fi iwájú orí kanlẹ̀. Alhaja Gàníyátù ń sunkún láìpariwo, ó sì ti fún lẹ́tà náà mọ́ ọwọ́ láìmọ̀.

Adékúnlé dìde. "Ọlọ́hun ṣeun tí òtítọ́ jáde. Láníyì, dìde jẹ́ ká máa lọ. Obìnrin tó lè jókòó kó máa wò ọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ nulẹ̀, kí ni kò ní í ṣe?"

"Adékúnlé, ọmọ mi, o jàre," ni Alhaji wí. "Bùn mí ní ìṣẹ́jú kan." Ó yíjú sí Láníyì. "A ti ṣẹ̀ ọ́ nínú ilé yìí. Mò ń bẹ̀ ọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Bí o bá lọ, mi ò ní bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, èmi ni bàbá rẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọmọ tí o wá tọrọ fún ọ bó ṣe rí. Ó lójú àánú. Kì í sùn bí mo bá ń ṣàìsàn. Ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló lè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù lè bà á débi tí yóò fi purọ́ mọ́ ẹni tó fẹ́ràn. Ó sì lè jẹ́wọ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Mi ò fi ọ̀kankan pamọ́ fún ọ. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àbí o ò fẹ́ ẹ mọ́?"

Adékúnlé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn. Mùfúlíátù kò gbójú sókè.

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá," ni Láníyì wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi gan-an. Mi ò sì fẹ́ fi ìbínú gbé ìyàwó wọlé. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta."

Adékúnlé yọwọ́ lára ìlẹ̀kùn.

"Màá dúró," ni Mùfúlíátù wí, ó gbójú sókè láti ilẹ̀. "Bó di ọdún kan, màá dúró."

"Oṣù mẹ́ta ni mo sọ," ni Láníyì dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.